Máínọ̀ èdè Ítálì fún ẹni tó ń ka Bàyọ́lọ́jì: ṣé sẹ̀mẹ́sítà márùn-ún tó?

Dárà_Ìṣẹ́yìn
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàyọ́lọ́jì ni mò ń kà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ kan níbí ní Amẹ́ríkà. Ọdún kejì ni mo wà, ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà yìí ku ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn ìyẹn márùn-ún péré ló kù fún mi. Mo fẹ́ fi èdè àti àṣà Ítálì ṣe máínọ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ kékeré tí à ń ṣe mọ́ oyè gidi. Ojú ìwé ẹ̀ka wọn ní krẹ́dítì 18 ni, láti 201 lọ sókè. N kò ka Ítálì rí, ṣùgbọ́n mo ka Sípáníìṣì fún ọdún mẹ́ta ní girama.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé mo lè parí ẹ̀ kí n tó gboyè? Dádì mi sì ń bèèrè pé kí ni Bàyọ́lọ́jì fẹ́ fi Ítálì jẹ.

Kúnlé_Columbus
Àbúrò, 18 tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn kọ́ ni gbogbo ẹ̀. "Láti 201 lọ sókè" túmọ̀ sí pé wọn kò ka 101 àti 102 mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ o kò lè dé 201 láìgba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, krẹ́dítì mẹ́rin mẹ́rin ni méjèèjì. Mẹ́jọ lé 18, 26 nìyẹn, nínú 120 tí o nílò fún oyè. Fi ìṣirò yẹn síwájú ara rẹ kí o tó ṣe ohunkóhun.

Bí mo ṣe máa tò ó nìyí. Oṣù kìíní tó ń bọ̀: 101. Sọ́mà, ìgbà ìsinmi gígùn: 102. Ọdún kẹta: 201 ní oṣù kẹjọ, 202 ní oṣù kìíní. Sọ́mà ọdún kẹta: lọ sí Ítálì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí o gba kọ́ọ̀sì méjì ńlá (nọ́ńbà 300 lọ sókè) níbẹ̀. Ọdún kẹrin: ọ̀kan ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Ó parí, ó tiẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún lábù.

Ohun tó máa ń da irú ètò yìí rú ni pé ẹ̀ka Ítálì kéré. 101 lè wà ní oṣù kẹjọ nìkan, kọ́ọ̀sì 300 lè má dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì, wọ́n sì ń fagi lé e bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá pé iye. Ṣí àkójọ kọ́ọ̀sì sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin tó ti kọjá, kí o kọ èyí tó jáde àti ìgbà tó jáde sílẹ̀. Ìwé ìléwọ́ ẹ̀ka máa ń sọ ohun tí wọ́n ní. Àkójọ yẹn ló ń sọ ohun tí wọ́n ń kọ́.

Ṣadé_B
Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ẹ ti gbàgbé Sípáníìṣì rẹ̀. Ẹni tó ka Sípáníìṣì fún ọdún mẹ́ta kò yẹ kó padà sí 101. Kó ṣe ìdánwò ìpele, tó bá bọ́ sí 201, krẹ́dítì mẹ́jọ ti kúrò lọ́rùn ẹ̀. Àwọn ilé ìwé kan tiẹ̀ máa ń dá krẹ́dítì 101 àti 102 padà fún ọ tí o bá gba B ní 201.

Olùkọ́_Àgbà
Ṣadé, rọra. Ìdánwò ìpele wọ̀nyẹn, yan-ìdáhùn ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó gbọ́ Sípáníìṣì á fojú dá a, á bọ́ sí 201, ọ̀sẹ̀ kejì ni kíláàsì á sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ kíkankíkan, ẹnu ẹ̀ á wúwo. Nígbà tó bá fi máa jáwọ́, àkókò àtipààrọ̀ kọ́ọ̀sì ti kọjá.

Ọ̀nà tó wà láàárín ni èyí: ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Ítálì ní kọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ti gbọ́ Sípáníìṣì, Faransé tàbí Potogí. 101 àti 102 pọ̀ sínú sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo. Dárà, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ bèèrè. Tó bá wà ní oṣù kìíní, sọ́mà rẹ òfìfo nìyẹn.

Kí o sì ṣọ́ Sípáníìṣì náà, ọ̀rẹ́ tí í tan ni jẹ ni. Ní Sípáníìṣì, "salir" ni kí èèyàn jáde. Ní Ítálì, "salire" ni kí ó gòkè. "Guardar" ni kí o tọ́jú nǹkan, "guardare" ni kí o wò ó. "Burro" ní Sípáníìṣì, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Ní Ítálì, bọ́tà tí à ń fi sí búrẹ́dì ni. "Embarazada" lóyún, ṣùgbọ́n ojú ló ń ti "imbarazzata". Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀: "parenti" kì í ṣe òbí, ẹbí ni, "libreria" kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń yá ìwé, ibi tí wọ́n ti ń tà á ni, "fattoria", oko ni. Má sì bèèrè bóyá "preservativo" wà nínú oúnjẹ, kọ́ńdọ̀mù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Fáwẹ̀lì_Méje
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Sípáníìṣì, ẹ kò rí ohun tó wà lẹ́nu ọmọ yìí látilé. Ítálì àjùmọ̀lò ní fáwẹ̀lì méje. Ẹ kà á: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Fáwẹ̀lì àìránmúpè Yorùbá gan-an ni! Sípáníìṣì ní márùn-ún péré, ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́ ọ fi ń jìyà níbi tí Dárà máa ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wò ó. "Pesca" pẹ̀lú ẹ, èso kan ni. "Pesca" pẹ̀lú e, ẹja pípa ni. "Venti" pẹ̀lú ẹ, afẹ́fẹ́ ni. Pẹ̀lú e, ogún ni. "Botte" pẹ̀lú ọ, lílù ni; pẹ̀lú o, àgbá ọtí ni. Wọn kì í kọ ìyàtọ̀ yìí sórí ìwé, etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Tí o bá ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀, fi àmì ìsàlẹ̀ wa sí i: pẹ́ńsùlù ló ná ọ.

Òfin kan wà níbẹ̀ o: ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo, ìyẹn sílébù tí wọ́n ń tẹnu mọ́ jù, nìkan ni ẹ àti ọ ti lè jẹyọ. Níbi tí kò wúwo, e àti o lásán ni.

Nísinsìnyí, àwọn ibi tí ẹnu Yorùbá ti máa ń kọsẹ̀:

Àmì orí. Nínú "caffè" àti "perché", àmì yẹn kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè. "è" ń sọ pé ẹ ni, "é" ń sọ pé e ni, méjèèjì sì ń sọ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ẹni tó bá fi ohùn kọ ọ́ bíi dò-re-mí á máa kọrin fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo. Sílébù kejì láti ẹ̀yìn ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n "tavolo", "zucchero", "telefono", ẹ̀kẹta láti ẹ̀yìn ni. "Parlo" wúwo ní "par", "parlano" náà wúwo ní "par", kò sún síwájú. Ẹ tún wo "capitano": tó bá wúwo ní "ca", wọ́n ń ṣẹlẹ̀, ní "ta", ọ̀gá ọkọ̀ ni, "capitanò" tó wúwo ní òpin, ó ṣe olórí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀, kò yẹ kí èyí jọ yín lójú.

C níwájú e tàbí i. Yorùbá kò ní ìró yẹn, ṣ la máa ń sọ ọ́ dà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ítálì ní ṣ tirẹ̀ lọ́tọ̀, "sc" ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Nítorí náà "cena", oúnjẹ alẹ́, á di "scena", ìran eré. Bó o ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí o bá fẹ́ pè é dáadáa, ni kí o pè é.

V àti z. "Vino" kì í ṣe "fino". "Pizza", t kan wà nínú ẹ̀ kó tó kan s.

Àránmúpè. A máa ń fa n wọ imú: "canto" á dà bí ẹni pé a kọ "kan" ti Yorùbá. Jẹ́ kí a mọ́ tónítóní, kí n wá tẹ̀lé e, kí ahọ́n kan òkè ẹnu.

Gn dẹ̀rọ̀: ìró tí àwọn bàbá wa ń kọ ní "ẹnyin" láyé àtijọ́ ni. "Bagno", "signora". Gli ló nira: àárín ahọ́n ló ń kan òkè ẹnu, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀. Bí "figlio" bá fẹ́ di "fílíò", fi ṣóńṣó ahọ́n ti ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀, kí o tún un pè.

Akin_Torino
Ọ̀rọ̀ gidi ni Fáwẹ̀lì_Méje sọ, àmọ́ ẹ má fi fáwẹ̀lì pa ọmọ yẹn. Ìyàtọ̀ e àti ẹ yìí, ti ẹkùn Tuscany àti ìwé atúmọ̀ ni. Àwọn ará Milano ń pe "perché" bí ẹni pé ẹ ni, ilẹ̀ ò sì ya. Kò sẹ́ni tó máa ṣì ọ́ gbọ́ nítorí "pesca".

Ohun tí wọ́n máa ṣì ọ́ gbọ́ sí ni kóńsónáńtì méjì tó tẹ̀lé ara wọn, èyí tí ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ. Yorùbá kò ní in. "Pala" ṣọ́bìrì, "palla" bọ́ọ̀lù. "Nono" ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án, "nonno" bàbá àgbà. "Capello" irun, "cappello" fìlà. "Pena" ìrora, "penna" bíírò. Èyí tó burú jù ni "anno", ọdún. Tí o bá ju n kan nù, ihò ìdí lo pè, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kìíní gan-an ni wọ́n máa ní kí o sọ ọjọ́ orí rẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é: má fi agbára pè é, dúró lórí ẹ̀ ni. Nínú "sette", ahọ́n á ti kan ibi t, á dúró, gbogbo nǹkan á dákẹ́ fẹ́ẹ́, kó tó já. Fáwẹ̀lì tó ṣáájú ẹ̀ á kúrú. Nínú "sete", òùngbẹ, fáwẹ̀lì ló gùn, t á kàn fọwọ́ bà á lọ. Etí Yorùbá tètè ń gbọ́ fáwẹ̀lì tó gùn, nítorí náà fáwẹ̀lì ni kí o máa tẹ́tí sí: tó bá gùn, kóńsónáńtì kan ni, tó bá já kíá, méjì ni. Gba ohùn ara rẹ sórí fóònù, ọ̀rọ̀ méjì méjì, ogún lọ́jọ́ kan.

Fáwẹ̀lì_Méje
Akin, mo gbà fún ọ lórí kóńsónáńtì, ìyẹn ni mo gbójú fò. Ṣùgbọ́n ìdánwò ẹnu ní kíláàsì, ìwé atúmọ̀ ni wọ́n fi ń gba máàkì, kì í ṣe Milano.

Ìyá_Ìbejì_MD
Ẹ ti kọ́ ọmọ náà ní ìró, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè owó. Dárà mi, nǹkan wọ̀nyí ni kí o wò.

Tí ilé ìwé yín bá ń gba iye kan náà fún krẹ́dítì 12 dé 18, Ítálì kò ná ọ ní kọ́bọ̀ kún un, bí o bá ti fi sí àárín yẹn. Tó bá kọjá 18, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí ka krẹ́dítì kọ̀ọ̀kan lé ọ lórí. Sọ́mà, ọ̀tọ̀ lowó ẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀ lo fi ń kàwé, kọ́ọ̀sì tó bá ka sí oyè rẹ nìkan ló ń san. Ọ̀rọ̀ máínọ̀ ní àwọn ilé ìwé kan, wọn ò kà á sí oyè àfi tó bá bọ́ sí àyè kọ́ọ̀sì àyànfẹ́. Wo ìwé ìṣirò oyè rẹ: iye àyè àyànfẹ́ tó kù níbẹ̀ ni kí o fi wé 26 yẹn.

Má sì gba kọ́ọ̀sì Ítálì kankan ní yege-tàbí-kùnà. Máínọ̀ kì í kà á, lẹ́tà ni wọ́n ń fẹ́, C ó kéré tán. Bèèrè bóyá ẹ̀ka méjèèjì gbà kí kọ́ọ̀sì kan ka síbi méjì, nítorí 102 tàbí 201 lè tẹ́ òfin èdè ilẹ̀ òkèèrè ti kọ́lẹ́ẹ̀jì yín lọ́rùn lọ́wọ́ kan náà.

Èyí tó kẹ́yìn: 201 lè má ní ju kíláàsì kan lọ, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ó parí. Lábù kẹ́mísírì ní mẹ́fà méje. Ítálì ni kí o kọ́kọ́ fi sínú àkókò rẹ, kí lábù wá àyè fúnra rẹ̀.

Dárà_Ìṣẹ́yìn
Ẹ ṣé gan-an, mà. N kò gba owó ìjọba àpapọ̀, físà F-1 ti akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà lórí ẹ̀, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní. Mo ti ń wo ètò sọ́mà kan ní ìlú Firenze ní Ítálì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ní "akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà kò nílò físà."

Láwálé_Ìwé_Ìrìnnà
Dárà, akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà kọ́ ni ìwọ, ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà ni ọ́. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ni gbólóhùn yẹn ń bá wí. Ìwọ gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, èyí tí Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Ẹni tó ní "green card", ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, pàápàá, bó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló mú dání, á gbà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, físà C ni, èyí tí kì í ju ọjọ́ 90 lọ. Yúrò 90 ni owó ẹ̀. O lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Kọ́ńsúlétì Ítálì tó ń bójú tó ìpínlẹ̀ tí o ń gbé ni, kì í ṣe èyí tó wù ọ́. Páásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́ta sí i lẹ́yìn ọjọ́ tí o máa kúrò níbẹ̀, kó ní ojú ìwé òfìfo méjì. Ìwé adójútòfò ìlera tó bo yúrò 30,000 ó kéré tán. Ìwé láti ọ̀dọ̀ ilé ìwé Firenze, ibi tí o máa sùn, owó tó wà ní báńkì, I-20 rẹ, ìyẹn ìwé tí ilé ìwé rẹ ní Amẹ́ríkà fún ọ fún físà.

Ṣùgbọ́n lílọ kọ́ ni ìṣòro, bíbọ̀ ni. Ní oṣù keje 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ jù lọ físà tó ń fún ọmọ Nàìjíríà tó ń wá fún ìgbà díẹ̀, tó fi mọ́ F-1, di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, oṣù mẹ́ta péré ló sì ń lò. Tí o bá ti fi tìrẹ wọlé, ó ti tán. O lè máa gbé ní Amẹ́ríkà kí o máa kàwé, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n bí o bá jáde lọ sí Firenze, o gbọ́dọ̀ gba físà tuntun kí o tó padà, F-1 sì wà lára físà tí Amẹ́ríkà dá dúró fún ọmọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2026. Ètò kan wà tí ń jẹ́ kí ẹni tí físà rẹ̀ ti parí padà wọlé láti Kánádà tàbí Mẹ́síkò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́; kò bo Ítálì.

Ṣí páásípọ́ọ̀tù rẹ nísinsìnyí. Wo ibi tí wọ́n kọ iye ìwọlé sí lórí físà, wo ọjọ́ tó parí. Lẹ́yìn náà gba ọ̀dọ̀ DSO yín lọ, òṣìṣẹ́ ilé ìwé tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kí o tó san owó àsansílẹ̀ kankan fún Firenze. Òfin ibẹ̀ ń yí lọ́wọ́lọ́wọ́, má gba ti ọ̀rẹ́ tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn gbọ́.

Dárà_Ìṣẹ́yìn
Mo ti wò ó, sà. Ìwọlé kan, ó sì ti parí.

Kúnlé_Columbus
Ó dára, ẹ jẹ́ kí n yí ètò tèmi padà. Yọ Firenze kúrò. Kọ́ọ̀sì ńlá mẹ́rin ni o máa ṣe nílé, wọn ò sì gbọ́dọ̀ kó sí ọdún kẹrin papọ̀. Ẹ̀ka Ítálì máa ń ní kọ́ọ̀sì àṣà tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́: sinimá, ìtàn iṣẹ́ ọnà, ewì Dante, akéwì wọn àtijọ́, ní ìtumọ̀. Kì í béèrè 202 kí o tó wọ̀ ọ́. Gba ọ̀kan ní oṣù kẹjọ ọdún kẹta pẹ̀lú 201. Mẹ́ta ló kù fún ọdún kẹrin, méjì lẹ́yìn náà ọ̀kan. Má gbà ju iye tí ẹ̀ka bá fọwọ́ sí lọ ní Gẹ̀ẹ́sì o, ọ̀kan tàbí méjì ni wọ́n sábà ń gbà.

102 lè jẹ́ ti sọ́mà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, ó dínwó.

Ìyá_Ìbejì_MD
Dínwó bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n 102 ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò lè jẹ́ krẹ́dítì mẹ́ta nígbà tí tiyín jẹ́ mẹ́rin. Ó tún lè wọlé bí "kọ́ọ̀sì àyànfẹ́ Ítálì" lásán tí kò ní nọ́ńbà, wọ́n á sì ní kí o tún 102 ṣe. Fi ìlànà kọ́ọ̀sì wọn, ìyẹn ìwé tó ní orúkọ ìwé kíkà àti orí tí wọ́n máa dé, ránṣẹ́ sí ẹ̀ka yín, kí wọ́n fọwọ́ sí i lórí ímeèlì ṣáájú. Tí ìwé kíkà ibẹ̀ bá dúró ní orí keje tí tiyín sì dé kẹsàn-án, sọ́mà náà ni kí o ti ka orí méjì tó kù.

Ṣadé_B
Tó bá fẹ́ rìn lọ sí Ítálì láìkúrò ní Amẹ́ríkà, kọ́lẹ́ẹ̀jì Middlebury ní Vermont ní ilé ẹ̀kọ́ Ítálì ní sọ́mà, bí ọ̀sẹ̀ méje. Wọ́n máa ń búra wọlé níbẹ̀ pé Ítálì nìkan làwọn á máa sọ, ní kíláàsì, nílé oúnjẹ, níbi gbogbo. Ó wọ́n o, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó ìrànwọ́ tiwọn. Ẹni tó bá tètè béèrè ló ń rí i. Tún bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka yín kí o tó sanwó, bí Mọ̀mí ṣe wí.

Bísọ́lá_PH
Ẹ dá bàbá ọmọ náà lóhùn. FAO, WFP àti IFAD, àwọn àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, Róòmù ni ilé wọn wà gbogbo. Onímọ̀ Bàyọ́lọ́jì tó gbọ́ Ítálì, iṣẹ́ wà fún un níbẹ̀.

Olùkọ́_Àgbà
Róòmù ni wọ́n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ítálì kì í ṣe èdè iṣẹ́ wọn. Ní FAO, Lárúbáwá, Ṣáínà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Rọ́ṣíà àti Sípáníìṣì ni. Bó bá jẹ́ torí FAO, Faransé ló yẹ kó kà. Ohun tí wọ́n ń fi Ítálì ṣe níbẹ̀ ni kí èèyàn yá ilé, kó sì bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ibi tó ti wúlò fún Bàyọ́lọ́jì ni oyè kejì. Yunifásítì Ítálì tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sáyẹ́ǹsì pọ̀, owó ilé ìwé ìjọba ibẹ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà, ìjọba ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń wo owó tó ń wọlé fún ẹbí kí wọ́n tó fúnni. DSU ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń fẹ́ kí a túmọ̀ ìwé owó ẹbí sí Ítálì. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀, 1,040 lọ́dún. Bàbá Dárà á fẹ́ mọ̀ pé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè Ítálì, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó máa gbà á síṣẹ́ á béèrè.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí: inú àkọsílẹ̀ máàkì ni máínọ̀ máa ń wà, kì í sábà sí lórí ìwé oyè tí à ń gbé kọ́ ògiri. Tí o bá fẹ́ ohun tí Ítálì fúnra rẹ̀ mọ̀, ṣe ìdánwò èdè CILS ti Siena, CELI ti Perugia tàbí PLIDA ti ẹgbẹ́ Dante Alighieri. Ìpele mẹ́fà ni Yúróòpù fi ń wọn ìmọ̀ èdè, láti A1 dé C2; ẹni tó parí 202 dáadáa wà láàárín A2 àti B1. Ẹni tó parí máínọ̀ lè dán B1 wò láìbẹ̀rù, B2 bó bá fi kún un. Láti 2018, B1 ni Ítálì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọmọ ìlú nípa ìgbéyàwó tàbí nípa gbígbé ibẹ̀ pẹ́.

Akin_Torino
Gírámà tí ó máa gbà ọ́ lákòókò jù ni akọ àti abo. Àwa tí "ó" ni a ń lò fún ọkùnrin, obìnrin, ajá àti tábìlì, ọpọlọ wa kò ní àyè tó máa gbé e sí. Má kọ ọ̀rọ̀-orúkọ kankan sílẹ̀ láìsí "il", "lo" tàbí "la" níwájú ẹ̀. "La mano", abo ni bó tilẹ̀ parí sí o. "Il problema", akọ ni bó tilẹ̀ parí sí a. "Lo" ń wá níwájú z, gn, ps àti s tí kóńsónáńtì tẹ̀lé: lo zaino, lo studente. Ẹyin náà ní wèrè tirẹ̀: l'uovo, akọ, tó bá pọ̀ á di le uova, abo.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ti kọjá: "ho mangiato", mo jẹun, ṣùgbọ́n "sono andata", mo lọ, a sì ń rí i ní òpin ẹ̀ pé obìnrin ló ń sọ̀rọ̀. Lílọ, bíbọ̀, bíbí, ikú, dídé: "essere", tí "sono" ti jáde, ni wọ́n ń mú. Kọ ogún inú wọn sójú ewé kan, fi lẹ ibi tí o ti ń fọyín.

Ohun kan wà tí o máa mọ̀ ju ọmọ Amẹ́ríkà lọ: "tu" àti "Lei". "O" àti "ẹ" ni. Àmọ́ "Lei" ń mú ọ̀rọ̀-ìṣe ti ẹnìkan, kì í ṣe ti ọ̀pọ̀. Má kí àgbàlagbà tí o kò mọ̀ rí ní "ciao". "Buongiorno" ni.

Fáwẹ̀lì_Méje
Kí n fi ẹyọ kan kún un lórí àṣà. Ní 1861 tí ilẹ̀ Ítálì di ọ̀kan, àwọn tó ń sọ Ítálì kò pọ̀ rárá. Ẹ̀ka èdè ìlú wọn ni kálukú ń sọ. Tuscany ni wọ́n ti mú èdè ìwé, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá àjùmọ̀lò ṣe dúró lórí Ọ̀yọ́ nígbà tí Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ń sọ tiwọn nílé. Tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954 ran èdè náà lọ́wọ́ púpọ̀. Kọ́ọ̀sì tó bá dá lórí èyí, kọ ìwé àṣekágbá rẹ nípa ẹ̀. Ohun tí o mọ̀ nípa ẹ̀ka èdè ilé wa á gbé ọ ga ju ẹni tó ń ka á nínú ìwé lọ.

Bí wọ́n bá ní Dante, má bẹ̀rù ìlà 14,233 tó wà nínú ewì ńlá rẹ̀, Commedia. Kíláàsì kì í ka gbogbo ẹ̀, Inferno, apá kìíní rẹ̀ tó ní orí 34, ni wọ́n sábà máa ń ti mú díẹ̀. Kà á sókè. Ìlà kọ̀ọ̀kan sílébù 11, òpin ìlà kìíní àti ẹ̀kẹta dún bákan náà, ìlà àárín ló ń fún ìlà mẹ́ta tó tẹ̀lé e ní ìró tirẹ̀. Ojú nìkan ò lè rí i.

Dárà_Ìṣẹ́yìn
Ẹ kú làálàá o. Mo rí i pé kọ́ọ̀sì tí Olùkọ́ Àgbà sọ wà ní oṣù kìíní, kíláàsì kan, aago mẹ́sàn-án. Mo fẹ́ kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka lọ́la. Ẹ bá mi wò ó: "Ciao Professoressa, mi chiamo Dárà, ho 19 ani e sono interessata al minor in italiano. Hai tempo questa settimana?"

Olùkọ́_Àgbà
"Gentile Professoressa" ni, kì í ṣe "Ciao". "Hai tempo" di "Avrebbe tempo", ìyẹn ni "ẹ". Fi "Cordiali saluti" parí ẹ̀. Fi orúkọ kọ́ọ̀sì àti ọdún Sípáníìṣì mẹ́ta náà sínú ẹ̀, òun ló máa fọwọ́ sí i pé kí o wọlé.

Akin_Torino
Dárà, má tíì fi ránṣẹ́. Padà sókè lọ ka ohun tí mo kọ nípa n.